Omi Yìí Kò Tó Bàbá Inta

Lọ́dún tí Thawin di olórí abúlé wa, òun ló kọ́kọ́ gbé omi ọdún dé ilé Bàbá Inta, òun náà ló sì kẹ́yìn gbogbo wa kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ ńlá inú ọdún Songkran, ọdún tuntun wa, ni, ọjọ́ tí a máa ń gbé omi olóòórùn dídùn lọ bá àwọn àgbà kí a lè tọrọ àforíjì fún gbogbo ohun tí a ti fi ṣẹ̀ wọ́n láti èṣí. Àgbà á ti ọwọ́ bọ inú abọ́, á fi omi náà ra orí ara rẹ̀, á súre fún ẹni tó gbé e wá, ó parí. Nílé àwọn arúgbó tó kù, kò ju kí èèyàn kúnlẹ̀ kó sì dìde lọ. Thawin wọ aṣọ búlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ó kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ fàdákà síwájú bàbá, òdòdó jásímínì sì ń léfòó nínú rẹ̀. Bàbá wo abọ́, ó wo Thawin, ó bá kó ọwọ́ méjèèjì sí abíyá.

"Bàbá, ẹ forí jì mí," ni Thawin wí, "èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò mọ̀."

"Èyí tí o kò mọ̀, mo ti forí rẹ̀ jì ọ́. Èyí tí o mọ̀ ńkọ́?"

"Èwo nìyẹn, bàbá?"

"Igi máńgòrò mi tí ẹ gé nígbà tí ẹ̀ ń fẹ ojú ọ̀nà."

"Háà! Bàbá, ìjọba ló gé e!"

"Ṣé ìjọba ló wá kúnlẹ̀ síwájú mi yìí?" Bàbá tún yọjú wo inú abọ́. "Omi yìí tó fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Kò tó fún igi."

Thawin lọ pọn omi sí i, bàbá ní kò tó. Ó fi òdòdó kún un, ó fi ìrẹsì dídùn tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e, bàbá ní ìrẹsì náà dára ṣùgbọ́n òun kì í jẹ igi. Àwa tó tò sẹ́yìn ń yan nínú oòrùn, òdòdó inú abọ́ tiwa sì ti rọ tán kí bàbá tó ní ká máa kọjá síwájú Thawin. Nígbà tó sú Thawin, ó bínú lọ sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, ó wú ọmọ igi máńgòrò kan, tòun ti aṣọ tuntun lọ́rùn rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàbá, ó gbìn ín, ó sì da omi inú abọ́ fàdákà sí i nídìí. Ìgbà yẹn ni bàbá tó yọ ọwọ́ jáde. Omi ti tán nínú abọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹrẹ̀ ìdí igi náà, ó fi ra orí. "Mo forí jì ọ́, Thawin. Wàá pẹ́, wàá dàgbà." Igi ọ̀hún wà níbẹ̀ dòní, ó ń so dáadáa, kò sì sí máńgòrò tó kan tó o ní gbogbo abúlé wa, Ban Pa Ngio.

Báyìí ni Bàbá Inta ṣe rí, kí ọ̀run tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ẹlòmíràn ṣe ń ná ẹja lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ló ń ná àforíjì. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ burú. Ohun tó ń bí i nínú ni pé àwọn arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀ kàn ń ra omi lórí láti àárọ̀ dọ́sàn-án láìbéèrè ohun tí wọ́n ń forí rẹ̀ jini. Ó ní ẹni tó bá ń tọrọ nǹkan, kó mọ ohun tó ń tọrọ. A máa ń kùn sí i, a máa ń pè é ní olórí kunkun, ṣùgbọ́n bí a bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ara wa a máa fúyẹ́ lọ́nà tí kì í gbà fúyẹ́ bí a bá ti ilé àwọn tó kù dé.

Tẹ́ńpìlì pàápàá, ó ń bá a dúnàádúrà. Kí ọjọ́ ńlá tó pé, gbogbo wa a máa ru iyanrìn láti etí odò Ping lọ sí ọgbà tẹ́ńpìlì, nítorí pé láti ọdún dé ọdún ni iyanrìn ibẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀ wá sílé, ó sì yẹ ká dá a padà. A ó fi mọ òkìtì, a ó ki àsíá wẹ́wẹ́ bọ̀ ọ́ lórí. Bàbá Inta ní tirẹ̀ gbé ife iyanrìn kan dé.

Olórí àwọn mọ́ǹkì tẹ́ńpìlì wo ife náà. "Inta, ṣé gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ rẹ kó lọ láti èṣí nìyí?"

"Ẹni ọ̀wọ̀, ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn nínú ọgbà yín."

"Ẹsẹ̀ yìí náà, tí a kò rí bàtà tó gbà á ní gbogbo ọjà?"

"Ó tóbi lóòótọ́, ẹni ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kì í jalè."

Wọ́n ná an, ná an, títí tí wọ́n fi fi ẹnu kò sí agbọ̀n kan. Bàbá ru agbọ̀n kan náà dé, ó sì rojú bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn ti ń túká, tí oòrùn ti rọ̀ wọ̀ọ̀ sórí odò, a máa ń rí i tó ń dá nìkan lọ, tó ń dá nìkan bọ̀, pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Ó ń mọ òkìtì mìíràn sí kọ̀rọ̀ ọgbà, lábẹ́ igi tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, òkìtì tó ga ju tiwa lọ. Kì í fi àsíá bébà sórí èyí. Aṣọ ló ń fi síbẹ̀, etí ìró àlò kan tó ti ṣá, tó máa ń tú padà kúrò lára ọ̀pá rẹ̀ bí ọdún bá parí, tó máa ń ká pamọ́ di àmọ́dún. Ìró Chanhom ni.

Chanhom ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà ní kékeré, bàbá nìkan ló tọ́ ọ, ó sì tọ́ ọ débi pé wọ́n jọ lórí kunkun. Lọ́jọ́ kan tí bàbá wà lóko ìrẹsì, ọmọ náà bá ọkùnrin kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe lọ sí gúúsù, kò dágbére. Bàbá ní, "Ọjọ́ tó bá gbé omi wá bẹ̀ mí, n ó gbọ́. N kò ní ránṣẹ́ pè é." Àwọn tó ń lọ sí gúúsù bá wa gbé èsì tirẹ̀ wá: "Ọjọ́ tí Bàbá bá ránṣẹ́ pè mí, n ó wá." Àwọn méjèèjì dá iye tiwọn lé e, kò sí ẹni tó yọ nǹkan kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún.

Ohun tó máa ń dùn wá ni ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ńlá. Bí ẹni tó kẹ́yìn bá ti gbé abọ́ rẹ̀ lọ, bàbá á jókòó sórí pẹpẹ oparun lábẹ́ ilé rẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún, kò ní nù wọ́n.

"Bàbá, ẹ gba aṣọ ìnuwọ́."

"Má ṣèyọnu. Afẹ́fẹ́ ni mo ń fi gbẹ ẹ́."

Ọwọ́ náà á sì ti gbẹ tipẹ́. Òdòdó ìyeyè igi àgbàlá rẹ̀, irú igi ti tẹ́ńpìlì, á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ilẹ̀ tí omi ti rin, gbogbo abúlé á máa rùn fún jásímínì àti ẹrẹ̀, òun á sì jókòó síbẹ̀, á máa wo ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Sengla, tí ọgbà nìkan pààlà láàárín ilé tirẹ̀ àti ti bàbá, ló mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ojoojúmọ́ ni àwọn méjèèjì ń bú ara wọn nítorí adìẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà láàárín ọdún Songkran tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ búburú, torí ẹni tó bá bú èèyàn lọ́jọ́ náà, ẹnu rẹ̀ á jẹrà títí ọdún á fi yípo. Àwa a máa gbé àpótí ìjókòó lọ síbẹ̀ láti àárọ̀.

"Bàbá Inta, arẹwà ọkùnrin, ẹ káàárọ̀ o!" ni Ìyá Sengla á ké láti orí ọgbà. "Àwọn adìẹ yín tí wọ́n kọ́ dáadáa tún ti wá bẹ ata mi wò."

"Ẹ ṣé o, ìyá iyebíye. Ata yín ló dùn, wọ́n ní àwọn kò lè jẹ níbòmíràn mọ́."

"Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní ìkòkò ọbẹ̀ mi ń béèrè àlàáfíà wọn."

"N ó jíṣẹ́. Wọ́n á mà yọ̀ o, wọ́n fẹ́ràn yín, wọ́n ní ẹ̀yin náà ń rìn bíi tiwọn."

A ó rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa dùn wá. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, Ìyá Sengla gba ibòmíràn wọlé. Ó ní, "Bàbá onínúure, tí ọkàn rẹ̀ rọ̀ bí ìrẹsì àṣẹ̀ṣẹ̀sè, ṣé ẹ gbúròó ọmọ yín?" Bàbá ya ẹnu. Èébú nìkan ló ní fún irú ìbéèrè yẹn, ọjọ́ náà sì kì í ṣe ọjọ́ èébú. Ó gun àkàbà lọ sínú ilé, kò sì tún jáde mọ́ lọ́jọ́ náà. Àwa náà gbé àpótí wa, a lọ sílé. Ìyá Sengla sọkún.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àlejò dé.

Lọ́jọ́ ńlá ni, nígbà tí oòrùn ti kúrò lókè orí. Bọ́ọ̀sì já a sílẹ̀ lójú títì, àwọn ọ̀dọ́ tó fi korobá dúró síbẹ̀ sì fi omi kí i káàbọ̀ láti irun dé bàtà. Ẹnìkan fi ẹfun olómi pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹnìkan fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn, àwọn obìnrin tó ń jó lẹ́bàá ọ̀nà fi ìrẹsì sí i lẹ́nu kó tó lè kí wọn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá da omi lù ú. Kò sí ẹni tó bi í pé ọmọ ta ni, torí àlejò ọdún Songkran, ti gbogbo wa ni. Bó ṣe bá wa tò nílé Bàbá Inta pẹ̀lú abọ́ tó yá nìyẹn.

Ìlà ti ń tán lọ nígbà tó kàn án. Ó kúnlẹ̀ bó ti rí i tí àwọn tó wà níwájú ṣe é.

Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. "Ta ni ọ́?"

"Manop ni mí, bàbá. Àlejò ni mí, gúúsù ni mo ti wá."

"O kú ewu ọ̀nà. Kí lo fi ṣẹ̀ mí?"

"Bàbá, a ò... a ò tíì pàdé rí."

"Bí o kò bá ṣẹ̀ mí, kí wá ni n ó forí rẹ̀ jì ọ́? N kì í ṣe é lásán." Bàbá bá kó ọwọ́ sí abíyá.

Àwa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Manop kò mọ̀. Arúgbó tó káwọ́ jọ, tí kò na ọwọ́ sí omi, ni òun rí, ó sì rò pé ara ló ń ni bàbá tí kò fi lè gbé apá. Àánú ṣe é. Ó sáà ti rí i lára àwọn tó ṣáájú pé orí ni omi náà ń bọ̀ wá lọ níkẹyìn. Ló bá nàró lórí eékún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ sókè, ó sì rọra da gbogbo rẹ̀ sí Bàbá Inta lórí.

Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í fọwọ́ kan orí àgbà, ká má tíì wá sọ pé kó da abọ́ omi sí i. Omi ń kán ní irùngbọ̀n bàbá, òdòdó jásímínì kan lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Ìyá Sengla ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Inta, ẹ ò rí nǹkan? Ó ti ní ohun tí ẹ ó forí rẹ̀ jì í báyìí."

Ẹ̀rín bú jáde. Manop dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá kò pariwo, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Orí mi lo da omi sí. Èyí kọjá ohun tí ìwọ nìkan lè bẹ̀. Ta lo ní níhìn-ín tó lè bá ọ bẹ̀ mí?"

"N kò ní ẹnikẹ́ni, bàbá, àfi ìyàwó mi. Ó ti sọ̀ sí ọgbà tẹ́ńpìlì, ibẹ̀ ló wà. Ó ní kí n kọ́kọ́ wá wò bóyá... bóyá ẹ ṣì ń kó ọwọ́ sí abíyá, kò sọ ohun tó túmọ̀ sí."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa.

"Kí ni orúkọ ìyàwó rẹ?" ni bàbá béèrè, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa ti mọ̀, òun náà sì ti mọ̀.

"Chanhom ni, bàbá."

Ẹ̀rù bà wá. Bí bàbá bá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dára báyìí, àlejò á padà sí gúúsù, a kò sì ní rí ọmọ náà mọ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀, òdòdó ìyeyè já bọ́ sí èjìká bàbá tó tutù.

"Kí gbogbo yín gbọ́ o. Èmi Inta kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni."

"A gbọ́, bàbá!"

"Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí n forí ji ọkọ òun, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni kó fi wá."

Kó tó sọ ọ́ tán, Thawin ti wà lórí alùpùpù rẹ̀. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ìdí òkìtì iyanrìn tó wà ní kọ̀rọ̀ ni òun ti bá Chanhom, tó di etí ìró àlò náà mú, tí kò lè fi í sílẹ̀. Ó gbé e dé. Obìnrin náà ti ní ewú díẹ̀ lórí. Ó bu omi sínú abọ́, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó sì gbé orí sókè gẹ́lẹ́ bí bàbá náà ṣe ń gbé tirẹ̀.

"Bàbá, ọkọ mi ni mo wá bá bẹ̀bẹ̀. N kò wá fún ara mi."

"Mo gbọ́. N kò tíì bi ọ́ nípa ara rẹ."

"Ẹ forí jì í."

Bàbá yọjú wo inú abọ́. "Omi yìí kò tó."

"Háà, bàbá! Omi ń kán lára yín bí ẹni tó jáde lódò, èwo ni ẹ tún ń wá?"

"Mo ní kò tó. Lọ pọn sí i."

Ìkòkò omi wà ní ìpẹ̀kun àgbàlá. Chanhom rin lọ, ó rin bọ̀. Bàbá ní kò tó. Ó tún lọ, ó tún bọ̀, ó ń kùn, bàbá ní ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Àwa kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, a wo ojú bàbá, a rí i pé kò wo abọ́ rárá. Ọmọ náà ló ń wò, bó ṣe ń gba abẹ́ igi kọjá nínú àgbàlá tó ti kọ́ ìrìn, tó ń lọ, tó sì ń padà wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la gbé abọ́ wa, a rọra kúrò níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìyá Sengla ní oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kí omi náà tó tó.

Wọn kò padà sí gúúsù mọ́. Manop ń tún ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi sóko ṣe fún gbogbo àgbẹ̀ agbègbè wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà láàárín bàbá àti ọmọ, kò sí ẹni tó mẹ́nu bà á. Bàbá kò bi í, ọmọ kò sì bẹ̀ ẹ́. Lọ́dọọdún, Chanhom á gbé omi wá, á kúnlẹ̀.

"Ta lo wá bẹ̀ fún?"

"Manop náà ni, bàbá."

"Kí ló tún ṣe?"

"Ó ń hanrun."

"Ìyẹn wúwo o. Lọ pọn omi sí i."

Lọ́dún mìíràn, Manop jẹ̀bi òjò tí kò tètè rọ̀. Lọ́dún mìíràn, òun ló jẹ̀bi adìẹ Ìyá Sengla tó kú, bẹ́ẹ̀ bàbá fúnra rẹ̀ ló jókòó lé e. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ náà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ẹni tí wọ́n forí jì tó o ní gbogbo agbègbè odò Ping.

Ìgbà ọ̀tútù ni Bàbá Inta lọ. Ó sun oorun ọ̀sán lórí pẹpẹ oparun rẹ̀, kò sì jí mọ́.

Ẹ mọ̀ pé a máa ń da omi sí ọwọ́ òkú kí a tó gbé e sínú pósí, kí ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́ lè tọrọ àforíjì ìkẹyìn. Wọ́n tẹ́ bàbá sábẹ́ ilé rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí ìrọ̀rí, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, wọ́n gbé abọ́ sísàlẹ̀. A tò bí a ṣe máa ń tò. Thawin ló ṣáájú. Ó da omi náà, ó sì dúró, ó ń wo ọwọ́ bóyá ó máa lọ sí abíyá. Kò kúrò lójú kan. Thawin nu ojú, ó kúrò níbẹ̀. Nígbà tó kan Ìyá Sengla, ó ní, "Ó dìgbà o, arẹwà ọkùnrin." Kì í ṣe ọjọ́ tí èébú jẹ́ èèwọ̀, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ló ń pa wá lẹ́kún: bàbá gba omi kékeré tó wà lọ́wọ́ oníkálukú wa, kò ná an.

Chanhom ló kẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀. Manop kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti tẹ orí ba, ó ń retí orúkọ ara rẹ̀ bó ti máa ń gbọ́ ọ.

"Bàbá," ni Chanhom wí, "ti Manop kọ́ lónìí. Ti ara mi ni."

Ó da omi náà díẹ̀díẹ̀. Omi kún àtẹ́lẹwọ́ ńlá yẹn, ó gba àárín ìka rẹ̀ ṣàn sínú abọ́, títí ó fi tán. Ó dúró, gbogbo wa náà sì dúró. Ọwọ́ bàbá là sílẹ̀ gbayawu, ó tutù, kò sá síbì kankan. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé omi náà kò tó.

Síbẹ̀ ó dìde, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó gba abẹ́ igi kọjá lọ sí ìdí ìkòkò, ó tún lọ pọn sí i.